Ṣíṣètò Ìsokọ́ra Abẹ́lé lórí Rútà Kékeré: Àlàyé fún Yàrá Ìwádìí Èdè, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Àwọn Èdè-Ìperí Rẹ̀

Ìsọníṣókí

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń ṣètò ìsokọ́ra abẹ́lé lórí rútà kékeré, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ń lò. Èrèdí rẹ̀ ni pé kí àwọn kọ̀ǹpútà inú yàrá ìwádìí èdè lè máa rí ẹ̀rọ tí ohùn àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, yálà íntánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kò sí, kí ọwọ́ àlejò má sì tó o. Kókó tí mo fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé orí ìwé ni a ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nípa pípín àdírẹ́sì kí a tó fọwọ́ kan rútà. Mo tún yẹ àwọn èdè-ìperí iṣẹ́ náà wò, mo sì fi hàn pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ láti inú Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà níbi mẹ́rin ó kéré tán.

Kókó-ọ̀rọ̀: ìsokọ́ra abẹ́lé, rútà, àdírẹ́sì IP, àpamọ́ ohùn, èdè-ìperí.

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ló mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, bí a ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ, àti bí a ṣe ń ṣe àdàkọ ohùn nínú ELAN. Ìgbà tí ohùn bá délé tán ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú. Ẹnì kan á fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹlòmíràn á dà á kọ sórí USB, ẹnì kẹta á gbà á lórí tẹlifóònù. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀dà mẹ́rin ti wà, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ni a ti tún ṣe, èyí ni a kò tíì fọwọ́ kàn.

Ojútùú tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ra ẹ̀rọ àpamọ́ kan, kí ó so ó mọ́ rútà, kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá sì máa ka ohùn láti ibẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n rútà tí a kàn yọ nínú páálí tí a sì tàn kò ní ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ. Ètò tí wọ́n ti fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wà fún ìdílé tó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì, kò wà fún yàrá tó fẹ́ tọ́jú ohùn àwọn àgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ẹ̀dá-èdè ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo ń lo "rútà" gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é lọ́dọ̀ wa ní Benin, láti inú Faransé "routeur". Àpẹẹrẹ tí mo ń lò jálẹ̀ ni yàrá ìwádìí kan tó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ àpamọ́ kan, àti àwọn àlejò tó ń wọlé tó ń jáde.

2. Ohun tí ètò burúkú lè bà jẹ́

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni bí fáìlì wa ṣe tóbi tó. Ohùn WAV tí a gbà ní 48 kHz, ní bíìtì 24, ní ojú ọ̀nà ohùn méjì, ń gba báìtì 288,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan jẹ́ gígábáìtì kan ó lé díẹ̀ (1.04 GB). Bí a bá fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 28, a ó sì tún sanwó rẹ̀. Lórí okùn inú yàrá tó ń gbé mẹ́gábíìtì 1,000, ìṣirò fi hàn pé kò tó ìṣẹ́jú àáyá 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ àpamọ́ fúnra rẹ̀ lè fà á sẹ́yìn díẹ̀. A kò sì ní san kọ́bọ̀ fún un, nítorí pé ohùn náà kò jáde kúrò nínú yàrá.

Èkejì ni pé ELAN máa ń kọ ibi tí ohùn wà sínú fáìlì àdàkọ, ìyẹn fáìlì .eaf. Bí a bá ṣí ohùn láti orí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ 192.168.1.23 lónìí, nọ́ńbà yẹn ni yóò wọ inú fáìlì. Bí ẹ̀rọ náà bá gba nọ́ńbà mìíràn lọ́la, ELAN yóò sọ pé òun kò rí ohùn, yóò sì ní kí a wá a fún òun. Fún àdàkọ kan, wàhálà kékeré ni. Fún igba àdàkọ, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan ni.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Nígbà tí a bá gba àṣẹ lọ́wọ́ abẹ́nà-ìmọ̀, a máa ń ṣe ìlérí. Àgbà kan lè gbà kí a gba ohùn òun nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa orò ìdílé rẹ̀, kó sì ní kí ó má kọjá ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ àpamọ́ sórí Wi-Fi kan náà tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, a ti da ìlérí yẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì fetí sí ohùn náà.

3. Àwọn èrò ìpìlẹ̀ mẹ́rin

3.1 Àdírẹ́sì

Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí ìsokọ́ra gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì IP. Nọ́ńbà mẹ́rin ni a fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàárín wọn, kò sì sí èyí tó lè ju 255 lọ nínú wọn, bí àpẹẹrẹ 192.168.40.10. Iye àdírẹ́sì irú èyí tó lè wà jẹ́ 4,294,967,296, kò sì tó fún gbogbo ẹ̀rọ ayé. Ìdí nìyí tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fi ya agbègbè mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé nínú ìwé ìlànà RFC 1918 ní 1996:

– 10.0.0.0 títí dé 10.255.255.255
– 172.16.0.0 títí dé 172.31.255.255
– 192.168.0.0 títí dé 192.168.255.255

Ẹnikẹ́ni ló lè lo àwọn wọ̀nyí láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan, nítorí pé wọn kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye ilé ló ní ẹ̀rọ tó ń jẹ́ 192.168.1.10 lónìí, kò sì sí ìjà, gẹ́gẹ́ bí "yàrá kejì lápá ọ̀tún" ṣe wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agboolé láì sí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Àdírẹ́sì IP yàtọ̀ sí àdírẹ́sì MAC. MAC ni àmì tí wọ́n fi sára ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá lápapọ̀. A lè fi í wé àmì ìbí. IP ni yàrá tí a fi ẹ̀rọ náà wọ̀ sí nínú agboolé yìí. Ẹni tó bá kó lọ sí agboolé mìíràn á gba yàrá mìíràn, ṣùgbọ́n àmì ìbí rẹ̀ á tẹ̀lé e dé ibẹ̀.

3.2 Ààlà

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, rútà máa ń bèèrè nọ́ńbà mìíràn, tó sábà máa ń jẹ́ 255.255.255.0. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ibi tí agboolé parí sí. Níbi tí 255 bá wà, nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára mu. Níbi tí 0 bá wà, wọ́n lè yàtọ̀. Nítorí náà, 192.168.40.10 àti 192.168.40.150 wà nínú agboolé kan náà, 192.168.41.10 sì wà lẹ́yìn odi. Irú agboolé yìí ní yàrá 254 tí a lè lò, láti 1 dé 254. Nọ́ńbà 0 jẹ́ orúkọ agboolé fúnra rẹ̀, 255 sì wà fún ìgbà tí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ ké pe gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Masque" ni Faransé pe nọ́ńbà yìí, "mask" sì ni Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìbòjú", bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, olùgbọ́ yóò rò pé ó ń bo ìsokọ́ra mọ́ àwọn tó wà níta lójú. Kò bo ohunkóhun mọ́ ẹnikẹ́ni. "Ààlà" ni mo ń lò, nítorí pé iṣẹ́ tó ń ṣe ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ.

3.3 Ẹnubodè

Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi ìlú náà. Ẹni tó ń lọ láti agboolé kan sí èkejì nínú ìlú kò ní ohun tó ń ṣe ní Ìdènà. Ẹni tó ń jáde lọ sí oko tàbí sí ìlú mìíràn nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohun tí Faransé ń pè ní "passerelle" ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ààlà. Bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú agboolé, kọ̀ǹpútà yóò bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Bí ó bá wà níta, kọ̀ǹpútà yóò gbé ọ̀rọ̀ náà fún ẹnubodè, ìyẹn rútà, kí ó bá òun gbé e jáde. Èyí ló fà á tí kíkú íntánẹ́ẹ̀tì kò fi gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró lórí ẹ̀rọ àpamọ́: ohun tó wà nínú ilé kò nílò ẹnubodè.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde, rútà máa ń bọ́ àdírẹ́sì abẹ́lé kúrò lára rẹ̀, á fi tirẹ̀ sí i, á sì rántí ẹni tó rán an níṣẹ́ kí èsì lè padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. NAT ni orúkọ iṣẹ́ yìí. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tó wà níta kò lè dá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ inú ilé, àfi bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

3.4 Apín-àdírẹ́sì

Ta ló ń fún ẹ̀rọ ní yàrá? Iṣẹ́ apín-àdírẹ́sì nìyí, èyí tí rútà ń pè ní DHCP. Ralph Droms ló kọ ìwé ìlànà rẹ̀, RFC 2131, ní 1997. Ìtàkùrọ̀sọ onígbólóhùn mẹ́rin ni, onímọ̀ ìtúpalẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ yóò sì gbádùn rẹ̀:

– Kọ̀ǹpútà (ó ké pe gbogbo ilé): Ta ló ń pín àdírẹ́sì níbí?
– Rútà: Èmi ni. 192.168.40.103 ṣófo. Ṣé o fẹ́ ẹ?
– Kọ̀ǹpútà: Mo fẹ́ ẹ.
– Rútà: Máa lò ó fún wákàtí 24.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Wọn kò fi àdírẹ́sì tọrẹ, wọ́n yá a ni. Nígbà tí àkókò náà bá dé ìdajì, kọ̀ǹpútà yóò padà wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi kún un. Bí iná bá lọ nílé, ọ̀pọ̀ rútà kékeré máa ń gbàgbé àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n yá ní kí, wọ́n sì lè fún ẹ̀rọ àpamọ́ ní nọ́ńbà tuntun nígbà tí iná bá dé. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tí gbogbo àdàkọ wa ń tọ́ka sí kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ láì sí àbò.

4. Ètò orí ìwé

Kí a tó tan rútà, kí a mú ìwé kan, kí a kọ ẹni tó ń gbé yàrá wo.

Ohun àkọ́kọ́ tí a óò mọ̀ ni àdírẹ́sì tí àpótí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń lò, ìyẹn àpótí tí wọ́n ti gbé wá tẹ́lẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ 192.168.1.1. Rútà tiwa náà lè ti ilé iṣẹ́ dé pẹ̀lú 192.168.1.1. Bí a bá so méjèèjì pọ̀ báyìí, inú ilé àti ìta ilé yóò máa jẹ́ orúkọ kan náà lójú rútà, kò sì ní mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ gbà. Nítorí náà, a ó yan nọ́ńbà kẹta tó yàtọ̀. Mo yan 40 fún àpẹẹrẹ yìí, kò sí ìdí mìíràn ju pé àwọn tó ń ṣe rútà sábà máa ń lo 0 tàbí 1.

– 192.168.40.1: rútà fúnra rẹ̀, ẹnubodè.
– 192.168.40.2 dé 192.168.40.49: ẹ̀rọ tí àdírẹ́sì wọn kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹ̀rọ àpamọ́ gba 10, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gba 11.
– 192.168.40.50 dé 192.168.40.99: àyè tí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú.
– 192.168.40.100 dé 192.168.40.199: àdírẹ́sì tí rútà yóò máa pín fún kọ̀ǹpútà inú yàrá.
– Àwọn àlejò: ìsokọ́ra tiwọn lọ́tọ̀.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà fún ẹ̀rọ àpamọ́ ní nọ́ńbà 10 tí kò ní yí padà. A lè kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ àpamọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kí a sọ fún rútà pé ẹ̀rọ tó ní MAC báyìí ni kí ó máa fún ní 10 títí láé. Ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́. Gbogbo ìpinnu yóò wà ní ojú kan ṣoṣo, orí rútà. Bí a bá sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìlú mìíràn fún iṣẹ́ ìwádìí, yóò gba yàrá tí agboolé ibẹ̀ bá fún un, dípò kí ó máa wá 192.168.40 níbi tí kò sí.

5. Àwọn ìgbésẹ̀ lórí rútà

Àwọn ojú ewé rútà kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí mo dárúkọ níhìn-ín wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

(i) Okùn. Ihò kan wà lẹ́yìn rútà tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù, WAN tàbí Internet ni wọ́n kọ sí i. Ibẹ̀ ni okùn tó wá láti inú àpótí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yóò wọ̀. Bí a bá ṣì í kì bọ ihò LAN, apín-àdírẹ́sì méjì yóò wà nínú agboolé kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé, a ó sì máa rí i pé kọ̀ǹpútà kan rí ẹ̀rọ àpamọ́, èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí i. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, okùn ni kí a kọ́kọ́ wò.

(ii) Ìwọlé. Kí a fi okùn so kọ̀ǹpútà kan mọ́ ihò LAN, kí a sì tẹ àdírẹ́sì tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rútà sínú ibi tí a ń tẹ orúkọ ojú ewé sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé alábòójútó padà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Wi-Fi. Ẹni tó ní ti Wi-Fi lè lo ìsokọ́ra. Ẹni tó ní ti alábòójútó lè tú gbogbo ètò wa ká.

(iii) Àdírẹ́sì rútà. Lábẹ́ ètò LAN, kí a kọ 192.168.40.1 sí ibi àdírẹ́sì, 255.255.255.0 sí ibi ààlà, kí a sì fi pamọ́. Ojú ewé yóò dákẹ́ lójijì. Ẹ má ṣe bẹ̀rù, rútà kò bàjẹ́. Yàrá àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà wa ṣì wà, ilé sì ti yí orúkọ padà. Kí a yọ okùn, kí a tún un kì bọ̀ ọ́ kí kọ̀ǹpútà lè gba àdírẹ́sì tuntun, kí a sì tẹ 192.168.40.1 láti padà wọlé.

(iv) Àgbègbè pípín. Lábẹ́ DHCP, kí a kọ 192.168.40.100 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, 192.168.40.199 gẹ́gẹ́ bí òpin. Wákàtí 24 tó fún àkókò yíyá. Ibi ẹnubodè àti DNS, tí rútà bá bèèrè rẹ̀, yóò gba 192.168.40.1. DNS ni ó ń yí orúkọ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì padà sí nọ́ńbà.

(v) Ìfipamọ́ àdírẹ́sì. Kí a tan ẹ̀rọ àpamọ́, kí a wá a nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rútà, kí a sì so MAC rẹ̀ mọ́ 192.168.40.10. Bẹ́ẹ̀ náà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pẹ̀lú 11. Àwọn rútà kan kì í gba ìfipamọ́ tó bá wà lẹ́yìn àgbègbè pípín. Bí tiwa bá rí bẹ́ẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ àgbègbè náà láti 10. Rútà kò ní fi yàrá tí a ti fi pamọ́ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, kí a pa ẹ̀rọ méjèèjì, kí a tún wọn tàn kí wọ́n lè gba nọ́ńbà wọn.

(vi) Àlejò. Kí a tan ìsokọ́ra àlejò lórí Wi-Fi, kí a fún un ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tirẹ̀. Kí a rí i dájú pé àṣàyàn tó ń jẹ́ kí àlejò rí ìsokọ́ra abẹ́lé wà ní pípa. Gbogbo tẹlifóònù, títí kan tiwa, ibẹ̀ ni kí wọ́n wà. Láti Android 10 àti iOS 14 ni tẹlifóònù ti ń lo MAC àdàmọ̀dì, nítorí náà, kò rọrùn láti fi MAC dá wọn mọ̀. Fún Wi-Fi ti yàrá fúnra rẹ̀, kí a yan WPA2 tàbí WPA3.

(vii) Ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó ṣí. Kí a pa UPnP, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ inú ilé fúnra wọn ṣílẹ̀kùn fún ará ìta. Kí a má sì ṣe darí ihò kankan láti ìta wá sí ẹ̀rọ àpamọ́.

(viii) Ẹ̀dà ètò. Rútà lè kó gbogbo ètò rẹ̀ sínú fáìlì kan. Kí a gbà á, kí a tọ́jú rẹ̀. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára rútà tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ohun tí a ti ṣe yóò pa rẹ́.

6. Àyẹ̀wò

Iṣẹ́ tí a kò yẹ̀ wò, a kò tíì ṣe é. Àyẹ̀wò márùn-ún ni mo dábàá.

Àkọ́kọ́, kí a bi kọ̀ǹpútà léèrè àdírẹ́sì rẹ̀: ipconfig lórí Windows, ip addr lórí Linux. Ó yẹ kí a rí nọ́ńbà tó wà láàárín 100 àti 199. Bí a bá rí 169.254, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ké, kò sí apín-àdírẹ́sì tó dá a lóhùn, ó sì fún ara rẹ̀ lórúkọ. Kí a wo okùn, kí a sì wò bóyá DHCP wà ní títàn.

Èkejì, kí a tẹ ping 192.168.40.1, lẹ́yìn náà ping 192.168.40.10. Bí ti àkọ́kọ́ bá dáhùn tí èkejì kò sì dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ àpamọ́ tàbí okùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù: kí a yọ okùn WAN, kí íntánẹ́ẹ̀tì kú pátápátá, kí a sì ṣí àdàkọ kan nínú ELAN. Ohùn gbọ́dọ̀ dún. Bí kò bá dún, a jẹ́ pé ohun tí a pè ní ti abẹ́lé ṣì ń gba ìta kọjá.

Ẹ̀kẹrin, kí a mú tẹlifóònù tó wà lórí ìsokọ́ra àlejò, kí a gbìyànjú láti ṣí 192.168.40.10. Kò gbọdọ̀ ṣí.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pa iná gbogbo yàrá, kí a tún un tàn, kí a sì wò ó bóyá ẹ̀rọ àpamọ́ ṣì ń jẹ́ 10.

Ìsokọ́ra tó yege nínú àyẹ̀wò márààrún kò tíì di àbò lọ́wọ́ ìparun o. Bí ẹ̀rọ àpamọ́ bá jóná, ohùn bá a lọ. Ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn.

7. Àkíyèsí lórí àwọn èdè-ìperí

Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn dá lé ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, láti inú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Àwa tí a fi Faransé kàwé ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọ inú iṣẹ́ kan náà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Passerelle" jẹ́ afárá tí a ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. "Gateway" jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó ní ilẹ̀kùn. Ohun kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ tó bá túmọ̀ láti inú Faransé yóò kọ "afárá", akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn yóò kọ "ẹnu ọ̀nà", ọmọ èdè kan náà kò sì ní gbọ́ ara wọn yé. "Ẹnubodè" tẹ́ méjèèjì lọ́rùn, torí pé láti inú ìrírí ìlú olódi Yorùbá ló ti wá.

"Plage d'adresses" ni Faransé ń pe àgbègbè pípín, "plage" kan náà sì ni etí òkun. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ láì ronú yóò kó àdírẹ́sì lọ sí etí òkun.

"Hôte" ló le jù. Nínú Faransé, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ẹni tó gbani lálejò, ó sì tún lè jẹ́ ẹni tí a gbà lálejò. Lórí rútà, ó dúró fún ẹ̀rọ kankan tó ní àdírẹ́sì nínú ìsokọ́ra. Yorùbá kò da onílé pọ̀ mọ́ àlejò rí. Nítorí náà, "ẹ̀rọ onílé" ni mo ń pe àwọn tó wà ní 192.168.40, "ẹ̀rọ àlejò" ni mo ń pe àwọn tó wà lórí ìsokọ́ra kejì. Ìyàtọ̀ tí ètò ààbò wa dúró lé lórí ti wà nínú èdè náà tẹ́lẹ̀.

Èyí kò sọ pé àfiwé agboolé kò ní ibi tí ó ti ń tàsé. Nínú agboolé, orúkọ ènìyàn kì í yí padà nítorí pé ó ṣí yàrá. Nínú ìsokọ́ra, ẹ̀rọ tó bá kúrò ní yàrá rẹ̀ ti pàdánù ohun tí wọ́n fi ń pè é. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ní kedere, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní mọ ìdí tí ìfipamọ́ àdírẹ́sì fi pọn dandan.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìsokọ́ra abẹ́lé àti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun méjì, pé èyí àkọ́kọ́ lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì bá kú, àti pé ohun mẹ́ta ló ń mú kó dúró: àdírẹ́sì tí kò forí gbárí pẹ̀lú ti ìta, yàrá tí kò yí padà fún ẹ̀rọ tí ohùn wà nínú rẹ̀, àti ìsokọ́ra ọ̀tọ̀ fún àlejò. Iṣẹ́ lórí rútà kò ju ọ̀sán kan lọ. Ìwé tí a kọ àdírẹ́sì sí ló yẹ kó pẹ́. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rútà, láì kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan sí i, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀ lè mọ ẹni tó ń gbé yàrá wo, àti ìdí rẹ̀.